Sinimá Kòríà àti Àpótí Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Houston, ní àwọn ọdún 1980, àwọn òbí wa gbà pé Amẹ́ríkà ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tó bá ti ń fèsì jù, Nàìjíríà ló ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ó kàn mí nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ní mi ò ní ṣe dókítà. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Deer Park, ra àpótí búlúù kan, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà fún.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá mi ń ṣe, wọn kì í tètè dé. Tí mo bá jáde nílé ìwé, màá gbé àbúrò mi ní daycare, a ó yà sí ṣọ́ọ̀bù màmá télọ̀ kan, ará Kòríà, nítòsí ilé wa ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Brays Oaks báyìí, kí n tó lọ dáná. Màmá yìí máa ń fi sinimá ìlú wọn sínú fídíò, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun tó jà ní Kòríà ní àwọn ọdún 1950, wọ́n á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń ránṣọ. Kò sí ọ̀dọ́ tó rí àánú nínú rẹ̀. Ọkùnrin á ti ogun dé, kò ní ríṣẹ́, á máa mutí kiri. Obìnrin á tẹ̀lé sójà òyìnbó, àdúgbò á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá ní bákan náà ni ìwé ìtàn tí àwọn kà nígbà náà, ọ̀dọ́ tó ti bàjẹ́ ni ṣáá.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pòṣé, wọ́n dá máṣíìnì dúró. "Èmi ni wọ́n ń sọ yẹn. Àwọn àgbà ló jagun. Àwa ọ̀dọ́ la palẹ̀ ilé tó wó mọ́, àwa la ránṣọ tí àbúrò wa fi rí oúnjẹ jẹ. Ìyẹn dà nínú sinimá?"

Nínú ọ̀kan péré lára àwọn sinimá náà, ọmọbìnrin kan jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ, lẹ́yìn àwọn tó ń sunkún. Aṣọ ló ń rán lọ. Ibẹ̀ ni màmá máa ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí.

Nígbà tó di Sátidé kan, bàbá mi ní, "Lọ kó aṣọ ẹ sínú àpótí." Mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìyá mi rò pé mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì, mi ò lọ. Ta ló ń gbé àbúrò mi ní daycare? Ta ló se oúnjẹ tó wà lórí tábìlì yẹn? Ẹ̀ ń pè mí ní ọmọ tó ti bàjẹ́, ẹ ò wo ohun tí mò ń ṣe."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Bàbá mi ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní irú ẹnu yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà."

Wọ́n lọ jókòó sídìí oúnjẹ yẹn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àpótí mọ́.

Ayé ti yí padà. Ní Missouri City tí mò ń gbé báyìí, àwọn ọmọ ló ń bẹ̀ wá pé ká mú àwọn lọ sílé, sí Nàìjíríà, ní Dìsẹ́ńbà. Síbẹ̀, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ mi á dúró lẹ́bàá mọ́tò, wọ́n á ní ọ̀dọ́ òde òní ti bàjẹ́, fóònù ti gba orí wọn. Kí wọ́n yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí, ní èdè Kòríà àti ní Yorùbá, irọ́ ni ní èdè méjèèjì.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin rí iṣẹ́ tó wù ú ní ìlú mìíràn, mo gbé àpótí búlúù yẹn jáde fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló di ẹrù ẹ̀.