Ààlè Tí A So Mọ́ Ọkọ̀ Ní Ẹsẹ̀ Òkè

Nínú àgbàlá wa ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ni ìyàwó mi ti máa ń di ẹrù òkè, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ òkè. Ọmọ Oǹdó ni, olùkọ́ bíi tèmi. Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, a sọ ọ́ di àṣà láti máa gun òkè kan tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ó ní olè ẹsẹ̀ òkè kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wo inú ọkọ̀. Ẹni tó ṣí búùtù ló ń jókòó wò. Nítorí náà, bí a bá ti kúrò nílé, a kò gbọ́dọ̀ ṣí búùtù mọ́ títí a ó fi padà. Ohun tí a kò bá lè gbé gun òkè, kó jókòó sílé. Àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ pàápàá, ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu ló máa ń fi í, kí ẹni tó bá yọjú rí i pé òfìfo ni.

“Kí olè má fọ́ gíláàsì wa lásán,” ló máa ń wí. “Bí yóò bá jalè, kó jẹ́ níbi tí nǹkan wà.”

Lẹ́yìn ìyẹn, yóò lọ kí obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì lábẹ́ igi máńgòrò. Yóò béèrè àwọn ọmọ, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, èmi yóò sì dúró sínú oòrùn bí òpó iná. Mo máa ń sọ fún un pé òkè la wá gùn, a kò wá ṣe ìbẹ̀wò.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀. N kò gun òkè náà láti ìgbà yẹn, àfi ní oṣù tó kọjá, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Oǹdó, tó ní ìjókòó mi ti pọ̀ jù. Mo gbà. Mo sì gbé báàgì búlúù tí ìyàwó mi máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn dání. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti awò tó fi ń wo ẹyẹ, àti ìwé kékeré tó ń kọ orúkọ àwọn ẹyẹ náà sí. Mo fura pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìdajì nínú wọn lórúkọ. Kò sí ohun kan nínú ilé wa tí mo lè fi pààrọ̀ báàgì yẹn.

Orúnkún mi kò bá mi pinnu. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè tí mo gbójú sókè, mo mọ̀ pé n kò lè gbé e débẹ̀. Àna mi ní kí n jẹ́ kí òun gbé e. Mo kọ̀, n kò fẹ́ rí i lẹ́yìn ẹlòmíràn. Mo ṣí búùtù, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn, mo fi aṣọ bò ó. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí ọkùnrin mẹ́ta lórí ọ̀kadà wọn, tí wọ́n ń wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n,” àna mi wí, “ẹ kúkú pè wọ́n kí wọ́n wá rí i dáadáa.”

Ó wọ inú igbó lọ. Ó mú ìkarawun ìgbín bọ̀, pẹ̀lú ògbólógbòó ìgbálẹ̀ tí ẹnìkan ti jù nù. Ó fi àkísà pupa tí a fi ń nu ọkọ̀ dì wọ́n pọ̀, ó sì so wọ́n mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ààlè ni, irú èyí tí àgbẹ̀ máa ń fi sórí igi ìdáná tó kó sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án.

“Èmi tí mò ń ka Bíbélì fún ìjọ!” mo wí. “Ìwọ náà, akọrin ni ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àwa ló yẹ kó gbà á gbọ́. Kí olè ṣáà ti gbà á gbọ́.”

Ká sòótọ́, bí a ti ń gun òkè lọ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ni mo ń wò. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti yà, n ó dúró bí ẹni tó ń sinmi, n ó sì máa wo ìsàlẹ̀.

“Ẹ mí dáadáa,” àna mi á wí. “Ọkọ̀ náà kò tíì sá lọ.”

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, báàgì wà níbi tí mo tẹ́ ẹ sí. Mo gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà kan ti jò, èyí tí mo fi pamọ́ fún ìrọ́pò kò sì ní atẹ́gùn. Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó ku nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó rí ààlè. Ó dúró.

“Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Kò síṣẹ́ lónìí.”

“Irin iṣẹ́ rẹ rèé lọ́wọ́ rẹ.”

“Mo kàn gbé e rìn ni, sà.”

Àna mi sáré tú ààlè náà, ó jù ú sínú igbó. Ìyẹn tún burú jù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ sílé!”

Fọkanáísà ní àfi kí ẹni tó so ó lọ mú un padà, kó fi í sápò ara rẹ̀, kó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú títí iṣẹ́ yóò fi parí. Báyìí ni akọrin ìjọ ṣe dúró ti ọkọ̀, tí ìgbálẹ̀ yọrí lápò rẹ̀.

A gbọ́ ẹ̀rín. Oníbọ̀ọ̀lì abẹ́ igi máńgòrò ni.

“Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí! Ṣé ẹ rò pé ìgbálẹ̀ yẹn ló ṣọ́ ọkọ̀ yín? Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọlọ́kadà yẹn yí i ká. Ọ̀kan tilẹ̀ ti fọwọ́ kan búùtù. Mo ní, ‘Ẹ kúrò níbẹ̀! Ọkọ̀ ìyá mi nìyẹn, mo mọ ilé ìyá gbogbo yín!’” Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. “Ìyá náà dà? Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn. Ẹ̀yin ò sì kí mi láàárọ̀.”

Èmi ni mo sọ fún un pé ìyá ti lọ.

Ó yí bọ̀ọ̀lì orí iná padà, ó tún yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì yẹ ní yíyí.

“Wọ́n máa ń béèrè ẹsẹ̀ mi,” ó wí. “Ní gbogbo ìgbà.”

Ó wé bọ̀ọ̀lì mẹ́ta sínú bébà. Ó ya ẹyọ kan sọ́tọ̀. “Tìyá nìyí.” Mo fi í sínú báàgì búlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkẹtẹ̀.

“Ẹsẹ̀ náà ńkọ́?” mo bi í.

Ó fa àpótí kan wá fún mi, òun náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Fọkanáísà parí táyà, ó ṣán ọwọ́, ó kọjá lọ. Kò rántí sọ fún àna mi pé ó lè fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Èmi náà kò sọ fún un.