Aago Ṣikágò Lórí Ìkànnì Abúlé Wa

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ẹ̀gbọ́n Velcho jẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti aago rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó ti ń tọ́jú ìkànnì abúlé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ èmi Gina ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yan àwọ̀. Nígbà tó kun ún ní pupa, wọ́n ní ó fẹ́ dá ìjọba àtijọ́ tí àsíá rẹ̀ pupa padà. Nígbà tó sọ ọ́ di funfun, Stoyanka ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó, ó ní, "Bàbá Nevena, ṣé ọsibítù lẹ fẹ́ dá wa dúró sí ni?" Stoyanka náà ló bá a mú àwọ̀ oyin, òun náà ló ní kó fi àwòrán kànga ìsàlẹ̀ abúlé sókè pátápátá. A ò tún yí i padà mọ́.

Aago tó wà lókè ìkànnì ni kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Níbi ètò, níbi tí a ti ń sọ ìlú tí ìkànnì wà fún un, Ṣikágò ni Ẹ̀gbọ́n Velcho yàn ní ọ̀sẹ̀ tí Nevena, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tí a bá yàn níbẹ̀, gbogbo ojú ewé ló ń tẹ̀ lé e. Bí ìkànnì wa ṣe fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa nìyẹn. Ìsìn àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, agogo kan òru ló máa ń kọ.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ṣé àwa àti iwin la jọ ń jọ́sìn ni?"

"Ẹ fi mẹ́jọ kún un. Àbí ẹ ò lọ síléèwé ni?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gina, tí mo bá wò ó, mo máa ń mọ̀ bóyá ọmọ mi ti sùn tàbí ó ti jí. Ìwọ, tìẹ wà nílé. Fi mí sílẹ̀ jàre."

Mo fi í sílẹ̀. Fífi mẹ́jọ kún un wá di àṣà wa, títí kan Nevena fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wálé.

Nínú oṣù Kẹta, ní ọjọ́ Ẹtì, Stoyanka ṣubú nídìí àlùbọ́sà tó ń gbìn, kò sì dìde mọ́. Nevena ń ké lórí fóònù. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé e kí n tó dé o. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ko iwájú orí ìyá mi." Ìdágbére tí a mọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti kan ìdérí pósí, ó parí. Ẹ̀gbọ́n Velcho búra fún un. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Nevena wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àlùfáà wa ń bójú tó ọ̀pọ̀ abúlé, ó sì ní òkú mìíràn láti sin ní abúlé kejì ní Ọjọ́ Ajé tí a fẹ́ sin Stoyanka, ló bá fún wa ní agogo kan ọ̀sán. A lẹ ìwé ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ní Ọjọ́ Àìkú, Ẹ̀gbọ́n Velcho jókòó láti fi sórí ìkànnì. Bó ṣe máa ń ṣe é náà ló ṣe é: ó wo aago ara ògiri, ó wo aago orí ìkànnì, ó ka ìyàtọ̀ wọn, ó yọ ọ́ kúrò nínú agogo kan ọ̀sán. Agogo mẹ́fà ló tẹ̀. Kò ṣì í kà.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ìdájí ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan fún àsìkò ooru, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú tiwa. Ìkànnì sì bá wọn ti tiẹ̀, nítorí Ṣikágò la sọ fún un pé ó wà. Wákàtí méje ló kù láàárín wa. Ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń kíyè sí i ní abúlé tí ìwé wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé? Ojú ọ̀run ni Nevena wà.

Ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́ ní Vienna lójú ọ̀nà. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló balẹ̀ ní Sofia, olú ìlú wa, fóònù Amẹ́ríkà rẹ̀ kò sì gbé ìpè. Ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ibẹ̀ ṣí ìkànnì wa, ó rí mẹ́fà, ó fi mẹ́jọ kún un. Agogo méjì. Ó tiẹ̀ dúró lọ́nà ra òdòdó funfun.

A dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n Velcho ń pè é, kò wọlé. "Bàbá àlùfáà, mo bẹ̀ yín, díẹ̀ sí i." Àlùfáà dúró títí tí àwọn ará abúlé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, ló bá mi orí. Àwa la yọ ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Velcho kúrò lórí pósí kí wọ́n tó lè dé e.

À ń bọ̀ láti ibojì nígbà tí takisí dúró. Nevena sọ̀kalẹ̀ tòun ti òdòdó.

"Àǹtí Gina, mo tètè dé, àbí? Wọn ò tíì gbé e jáde?"

Ó rí àlìkámà sísè tí a máa ń pín níbi ibojì lọ́wọ́ wa. Bàbá rẹ̀ ní, "Nevena, agogo kan ni."

"Méjì ni, Bàbá. Mẹ́fà lẹ kọ. Mo fi mẹ́jọ kún un." Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo fi mẹ́jọ kún un, bẹ́ẹ̀ náà lẹ kọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n Velcho jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Ọmọ náà sáré lọ síbi ibojì, ó dojú bolẹ̀, ó ń fẹnu ko erùpẹ̀. Mo ti sin bàbá mi, mo ti sin ọkọ mi, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Nevena padà sí Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ wọlé wá bá mi ní ilé ìkàwé láì kí mi. Ó ṣí ibi ètò, ó yọ Ṣikágò, ó yan Sofia. Aago gbogbo ojú ewé yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsìn Ọjọ́ Àìkú di ìsìn àárọ̀. Ó wá ìkéde ìsìnkú Stoyanka lọ.

"Gina, wá wò ó. Agogo kan ọ̀sán ló kọ báyìí."

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti tọ́." Ó nu ojú rẹ̀. Ó gbójú wo aago òkè ìkànnì, ó wò ó títí, wákàtí tiwa ló rí níbẹ̀. "Gina, agogo mélòó ló lù lọ́dọ̀ ọmọ mi báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka mi. Mo ka méje, ẹ̀rù bà mí láti fi ìkẹjọ kún un.