Ikùn Rhoda Tí Kò Gba Nǹkan Dúró Mọ́

Bí ikùn Rhoda bá kùn lásán, kápúsù. Bó bá jẹ ẹ̀wà tí kò jinná, kápúsù. Lọ́jọ́ tí Ayọ̀kẹ́mi ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé ọkọ tí àyà ìyá ń já, kápúsù náà ló gbé mì. Ògì ló ń tà ní Iyara nílẹ̀ Okun, ògì funfun tí kò ní èèrí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Jésù, kò sóhun tó gbà gbọ́ tó kápúsù olórí pupa, onídìí dúdú, tí Fọlọ́runṣọ́ ń tà ní kẹ́míìsì ẹ̀bá ọ̀nà. Fọlọ́runṣọ́ náà kì í bèèrè. Òògùn ló ń tà, kì í ta ìbéèrè.

"Okun o, Màmá Ayọ̀kẹ́mi. Ṣé ti ìjọsí náà ni?"

"Òun náà ni. Fi kún un. Ikùn mi ò ka ẹyọ kan sí mọ́."

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí ikùn fi ṣí lójò tó kọjá, tí kò padé mọ́. Ohun tó bá jẹ, omi ni. Ohun tó bá mu, omi ni. Obìnrin tó ń dá gbé igbá àgbàdo lọ sídìí ẹ̀rọ, ògiri ló ń dì mú lọ ilé ìgbẹ́.

Ayọ̀kẹ́mi gbé e lọ ọsibítù ní Kabba. Dókítà Bíọ́lá, ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa, jókòó tì í.

"Màmá, àwọn nǹkan abẹ̀mí kéékèèké ń gbé inú ikùn wa, ojú ò lè rí wọn. Àwọn rere inú wọn ń bá wa lọ oúnjẹ, wọ́n sì ń ṣọ́nà de àwọn burúkú. Kápúsù tí ẹ ń mu ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ti pa àwọn rere, àwọn burúkú ló wá jogún ilé."

"Kòkòrò? Nínú èmi Rhoda tó ń wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́?"

"Nínú èmi náà, Màmá."

"Tìẹ nìyẹn."

Dókítà fún un ní òògùn mìíràn, ó ní kó má fẹnu kan kápúsù mọ́. Ó ní omi ògì kíkan tó mọ́, irú àwọn rere yẹn máa ń wà nínú ẹ̀. Kò sọ pé òun ló máa wò ó sàn o, ṣùgbọ́n kó máa mu díẹ̀ díẹ̀. Ojú Rhoda là. Dókítà tó mọyì ògì, dókítà gidi nìyẹn.

Ikùn náà fẹ́ gbọ́. Ó jẹ iyán bíńtín, iyán dúró. Ayọ̀kẹ́mi kọrin títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò pẹ́, ikùn tún ṣí, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún padà sí Kabba.

"Màmá, kí lẹ mu?"

"Omi ògì tí ẹ ní kí n mu."

"Òun nìkan?"

"Háà! Ta ló ń mu omi ògì lásán fún inú rírun? Mo tú kápúsù sí i, mo rò ó pọ̀."

Ayọ̀kẹ́mi káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a wí? Láti Iyara dé Ìkòyí, bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn. Ẹni tó bá dárúkọ omi ògì fún inú tó ń ṣí ti dárúkọ kápúsù.

Dókítà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lóko tó jóná ni, wọ́n tún ti iná bọ̀ ọ́. Ó pe Ayọ̀kẹ́mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn: ọsibítù tó lè tọ́jú irú ẹ̀ jìnnà, ara ìyá ò sì lè gba ìrìn àjò mọ́.

Wọ́n gbé e padà sílé. Àwọn oníbàárà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ta ni yóò ra ògì lọ́wọ́ ẹni tí inú ń ṣí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rhoda gbọ́ ohùn Ayọ̀kẹ́mi lóde, ó ń bá James àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ábújá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Má dúró de Kérésì. Máa bọ̀ báyìí."

Nígbà tí ọmọ wọlé, ó ní James ń kí i, pé ó ń bọ̀ wá kí wọn lásán.

"Lásán," ni Rhoda wí. Ó yíjú sí ògiri.