Pápásan Iwájú Ilé Raheem

Ẹ ò bá rí Bàbá Fẹ́kọ́mi láàárọ̀ Sátidé yẹn, bó ṣe ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tó ń yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ baálẹ̀ oko. Simeon Ọmọ́níyì ni wọ́n ń pè é ní sẹkitéríátì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kó wọ ilé tuntun tó kọ́ sí Ayọ̀bọ̀, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò níí purọ́ mọ́ ọn. Kì í jalè, kì í ṣèké, kì í sì í sùn tí pásítọ̀ bá ń wàásù. Àléébù kan ló ní: kò lè rí iṣẹ́ oníṣẹ́ kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá bá ẹ níbi tó o ti ń so okùn, á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Bó o bá ń pọnmi, á ní kì í ṣe báyẹn ni wọ́n ń pọn ọ́n. Adéọlá ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ náà títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?" ni obìnrin náà máa ń wí.

"Ọmọlúàbí kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́," ni ọkọ rẹ̀ máa fi ń dá a lóhùn.

Raheem ló ń gbé òdìkejì ilé wọn. Télọ̀ ni, ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú Bàbá Fẹ́kọ́mi, àgbádá tó sì rán ní àdúgbò yẹn ò lóǹkà, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú. Àrùn náà mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tún so ahọ́n rẹ̀ pọ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìró lásán ni ń jáde. Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Láràárọ̀, á gbé e jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, á gbé omi àti búrẹ́dì sí tòsí rẹ̀, á wá lọ sí ìsọ̀ tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ìpàjà.

Iwájú ilé Raheem yìí ló ń ká Bàbá Fẹ́kọ́mi lára. Àwọn ará àdúgbò tó kù ti da kọnkéré síwájú ilé tiwọn, tàbí kí wọ́n ro ó mọ́lẹ̀ kó máa dán. Ti Raheem nìkan ni nǹkan bò láti ẹnu ọ̀nà dé etí gọ́tà, ewé kéékèèké tó sanra tómi kún inú ẹ̀, igi rẹ̀ pupa, ó fà sílẹ̀ bí ẹní. Bàbá Fẹ́kọ́mi wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Pápásan ni. Nínú oko bàbá rẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì, ọ̀tá gidi ni pápásan. Wọn á fà á tu, wọn á dà á sórí àpáta, oòrùn á pa á títí; bí òjò bá wá kán sí i báyìí, á tún hu. Bàbá rẹ̀ a máa ní ẹni tó bá ro pápásan tí kò kó o kúrò lóko, eré ló ń ṣe.

Láàárọ̀ Sátidé náà, tí àwọn onílé yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó àdúgbò, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ bá Raheem ro iwájú ilé ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti bi í?"

"Bi í kẹ̀? Nílé wa, bí àìsàn bá dá ọkùnrin dúró, àwọn èèyàn ẹ̀ á lọ bá a roko, wọn ò níí bi í. Bó o bá bi í, o ti dójú tì í nìyẹn. O fẹ́ kó máa ka àìsàn ẹ̀ fún ẹ ni?"

Òótọ́ ni, àṣà tó dáa ni. Adéọlá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ti jáde.

Ojú ọjọ́ ṣú dùdù, oòrùn ò yọ. Wàsílátù ti lọ pọnmi. Raheem nìkan ló jókòó sórí àga. Bàbá Fẹ́kọ́mi kí i, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó ṣe gbé ọkọ́ àkọ́kọ́ lélẹ̀ ni Raheem na ọwọ́ òsì sókè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síta, ìró kan sì ń jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Má dúpẹ́, àbúrò mi," ni Bàbá Fẹ́kọ́mi wí. "Kò tó ọpẹ́ rárá."

Ọwọ́ náà ò sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Omi bọ́ lójú Raheem, ó ṣàn dé àgbọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí, ẹ sọ fún mi, ta ni kò níí rò pé ọpẹ́ ni? Orí Bàbá Fẹ́kọ́mi wú. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka fa èyí tó kù tu, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Nígbà tó tán, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó dì í lẹ́nu, ó gbé e lọ sí ààtàn tó wà níparí òpópónà. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, kì í fi pápásan sílẹ̀ lóko. Ọláyíwọlá, alága àwọn onílé, ń kọjá lọ, ó dúró wò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fẹ́kọ́mi! Irú yín ṣọ̀wọ́n. Ẹ máa gbọ́ ọ nípàdé ọ̀la."

Ìgbà tí Wàsílátù dé, garawa omi ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó sọ garawa kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Fẹ́kọ́mi.

"Ẹ ṣé sà. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn."

"Kò sóhun tó nira níbẹ̀," ni bàbá wí. "Ṣáà máa gbá a láràárọ̀ o, kó má tún hu."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n pè é dìde nípàdé àwọn onílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, alága ní kí gbogbo ọ̀dọ́ fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn, ó bá ayọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Ó jókòó ti iṣu àti ẹyin, ó ń ròyìn ìpàdé.

"Mo lọ kí Wàsílátù," ni Adéọlá wá sọ. "Mo bá a níbi tó ti ń sunkún ní ilé ìdáná."

"Kí ló dé?"

"Òdòdó ni, Bàbá Fẹ́kọ́mi. Òdòdó lẹ ro dànù. Ẹ̀yà pápásan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, á là, pupa, yẹ́lò, àwọn èèyàn á dúró lọ́nà wò ó. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kì í là, ìgbà òjò la sì kó débí. Ìgbà tí àìsàn dé, àwọn dókítà ní kó máa fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́. Òdòdó mìíràn ń fẹ́ omi, ta ló fẹ́ máa bá a pọn ọ́n? Èyí ò fẹ́. Raheem á fi ìdí wọ́ kúrò lórí àga, á ṣẹ́ ẹyọ kan, á kì í bọlẹ̀. Lọ́la, á tún ṣẹ́ òmíràn. Gbogbo ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ òsì yẹn ló fi bò ó. Iṣẹ́ tó kù fún un láyé nìyẹn."

Bàbá Fẹ́kọ́mi dá iṣu tó fẹ́ fi sẹ́nu padà sínú àwo.

"Wàsílátù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ó kúnlẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó bú yín? Ẹ ju bàbá ẹ̀ lọ, ẹ sì ní oore lẹ wá ṣe fún àwọn."

Háà! Ojú gba bàbá yìí tì. Kì í ṣe nítorí òdòdó nìkan o. Ọwọ́ yẹn ni. Ó rántí bó ṣe nà sókè, bó ṣe ń gbọ̀n. "Dúró" ni ọwọ́ náà ń wí, òun sì ní kó má dúpẹ́. Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń bẹ̀ ẹ́ sí i ni òun ń yára sí i. Ó wá tún rántí àtẹ́wọ́ ìpàdé, ó rántí ẹ̀rín tó rín, ó fọwọ́ bojú níwájú ìyàwó rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Adéọlá kó àwo iṣu kúrò níwájú rẹ̀, kò sọ pé "mo wí fún yín."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, kí Raheem má baà rí i. Ààtàn ló kọrí sí. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń rò: ohun tí kì í kú lórí àpáta, ṣé inú àpò ló máa kú sí? Àfi bí wọ́n bá ti sun ún. Àgbàlagbà onísẹkitéríátì wọ inú ìdọ̀tí, ó ń fọwọ́ tú pámpá ọmọdé àti èèpo ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń wò ó. Ẹni tí ojú kò bá tì rí ni kó bú u. Alága Ọláyíwọlá náà tún ni, ó dúró lé e lórí.

"Bàbá Fẹ́kọ́mi! Kí lẹ sọ nù?"

"N kò sọ nǹkan nù, Alága. Nǹkan Raheem ni mo bàjẹ́. Àtẹ́wọ́ tẹ́ ẹ pa fún mi lánàá, ẹ gbà á padà, jọ̀wọ́."

Ó rí àpò náà lábẹ́ tìmùtìmù àga kan. Ó tú u. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn kan ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó gbé wọn mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ẹrẹ̀ sì bò ó lára.

Iwájú ilé Raheem ló gbà lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó ro. Wàsílátù tó fẹ́ máa lọ sí ìsọ̀ figbe ta.

"Ẹ dìde sà! Ẹ má fi wá sínú èèmọ̀!"

"Raheem, o ní kí n dúró, n kò dúró," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Má bínú sí mi."

 Raheem ń wo òdòdó. Ó pẹ́ kó tó fi ìdí wọ́ kúrò lórí àga, ó ṣẹ́ ẹyọ kan, ó gbé e sórí òkúta kí ojú ibi tó ti ṣẹ́ lè gbẹ. Ó ṣẹ́ òmíràn. Ó ti òmíràn sọ́dọ̀ bàbá tó dọ̀bálẹ̀. Bàbá Fẹ́kọ́mi dìde jókòó sílẹ̀, òun náà ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kì wọ́n bọlẹ̀ tán, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún bàbá, ó na ọwọ́ gbé bútà àlùwàlá láti bomi rin wọ́n.

Raheem na ọwọ́ òsì sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síta.

Bàbá Fẹ́kọ́mi gbé bútà sílẹ̀.

Pápásan náà ti hu padà, kò tíì bo ilẹ̀ tán. Láràárọ̀ tí oòrùn bá ti là á, tí Bàbá Fẹ́kọ́mi bá jáde, Raheem á na ọwọ́ òsì sókè láti kí i. Ìkíni ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìkíni ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ yẹn bá bá bàbá náà, ì báà jẹ́ àárín títì, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè mọ́ ọn, wọn á máa bú u. Kò ní mira, àfi ìgbà tí Raheem bá sọ ọwọ́ kalẹ̀.