Ọwọ́ Tí Kì Í Tètè Tú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́fà ń gbé ní Sabon Gari, níbí ní Minna. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi nínú ilé Maitumbi yìí kò lè mọ bí a ṣe fún mọ́ra nígbà náà: ilé kan, yàrá mẹ́jọ, kànga kan láàárín àgbàlá.

Télọ̀ kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ará Ìlọrin ni, kò níyàwó, kì í pariwo. Mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí àgékù aṣọ tó ń fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àwọn àgbà ilé kò kíyè sí. Bí ó bá di àlùmọ́gàjí mú pinpin, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í tú bọ̀rọ̀. Yóò gé aṣọ tán, yóò fẹ́ gbé e sílẹ̀, àwọn ìka á kọ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ní sùúrù fún un, ọmọ mi, ó ń bọ̀." Díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò ṣí, bí ewé pátánmọ́ ṣe ń là padà.

Ìyá mi ti kìlọ̀ pé bí òun bá tún rí mi lẹ́bàá kànga, òun á nà mí bíi kíkú bíi yíyè. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo gun etí kànga náà láti wo òjìji mi nínú omi. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Kí n tó lè ké, ọwọ́ kan ti gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà mí sókè. Télọ̀ wa ni. Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tú.

Bí ìyá mi ṣe yọ sí wa nìyẹn. Lásìkò náà, ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba ìgboro kan. Ìyá mi kígbe. Ìyá Hausa tó ń dín kósé, àkàrà tiwọn, lẹ́nu ọ̀nà sáré wọlé, ó ń pariwo pé kó fi mí sílẹ̀: "Sake ta! Kai, sake ta!"

Télọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ló há."

Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn? Ìyá mi kọjú sí mi. "Kí ló ṣe ọ́?"

Mo wo etí kànga. Mo rántí ẹgba. Mo ní, "Ó dì mí mú ni, kò fi mí sílẹ̀."

Bí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹyọ-ẹyọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ gbáà ni. Wọ́n gbá a létí. Onílé ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, ó wò mí. Mo sá sẹ́yìn ìyá mi. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Bosso ń kàwé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán tó nípọn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sùn ti ara wọn. Bí àṣẹ bá ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ dé, kálísíọ̀mù á tú jáde láti inú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Fọ́nrán tó nípọn á wá fi àwọn orí wẹ́wẹ́ rẹ̀ gbá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú, á máa fà á, wọ́n á yọ́ kọjá lára ara wọn, iṣan á sì súnkì. Kó tó lè dẹ̀, kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ padà sínú àpò rẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe dídì mú nìkan ló ń gba agbára o. Jíjọ̀wọ́ náà ń gba agbára. Ìdí nìyẹn tí òkú fi ń gan." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Àwọn kan tiẹ̀ wà, wallahi, àṣẹ á ti dáwọ́ dúró, awọ sẹ́ẹ̀lì wọn á ṣì máa ta gìrì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá di nǹkan mú, ó máa ń pẹ́ kí ọwọ́ tó tú. Òtútù tún máa ń dá kún ti àwọn mìíràn."

Mo sọ ti télọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún láyé mi.

Ó béèrè pé, "Ṣé ẹ wá a lọ, kí ẹ bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní rárá. Mo ti lọ sí Ìlọrin fún ìgbéyàwó àìmọye ìgbà, n kò béèrè rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kú láìmọ̀ pé ọkùnrin tí òun ń ṣépè fún ló yọ ọmọ òun nínú kànga.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Lónìí, dókítà á yẹ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wò, á dárúkọ ohun tó ń ṣe é, oògùn tó lè mú un rọ̀ sì wà. Àwọn ọmọdé ń rí inú sẹ́ẹ̀lì lójú fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa sọ pé àìmọ̀ ló ń dà wá láàmú nígbà yẹn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn tó lé e jáde. Èmi ò lè fi àìmọ̀ bojú. Nínú gbogbo èèyàn tó yí ọkùnrin yẹn ká láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.