Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Ọ̀rọ̀ Tí Ń Jẹ́ Kun

Títí dòní, mo máa ń rántí òórùn ẹsẹ̀ bàbá mi kí n tó rántí ojú rẹ̀. Ìṣó ló gún un lóko Ìgbẹmọ, àtọ̀gbẹ tó ń bá a jà kò sì jẹ́ kí egbò náà jinná, títí ẹsẹ̀ fi dúdú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ní ọsibítù l'Adó, dókítà ní bí àwọn ò bá gé e, ikú ni.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí mo rò pé ọgbọ́n ti tán lọ́dọ̀ mi, mo ní, "Bàbá, gígé lásán ni. Ṣebí à ń gé irun, à ń gé èékánná." Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn.

Bàbá mi ní, "Ìyẹn ń hù padà. O ti rí ẹsẹ̀ tó hù rí? Kíkun ni wọ́n fẹ́ kun mi."

Ó wá ń ṣàlàyé bí ẹni tó wà níwájú pátákó: ẹran là ń kun. Bí ọdẹ bá pa ẹran dé, wọ́n á kun ún kí itan lè lọ sílé eléyìí, kí àyà lọ sílé tọ̀hún. Ó ní lójú tòun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ohun tí a bá ti kun kì í padà wà lójú kan mọ́.

"Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Ibi tí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ mi sí ni."

Màmá mi bú sẹ́kún. Bàbá tí kì í jẹ́ ká sọ èdè Èkìtì níwájú òun wá fi ohùn ìyá rẹ̀ sọ pé, "Ẹ gbé e re ulé."

Mo ṣèlérí pé n ó gbé e délé, ó sì gbà kí wọ́n gé e.

Ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé e fún mi. Mo gbé e lé itan nínú takisí Ìgbẹmọ. Ìyá tó jókòó tì mí ní, "Ọmọ mi, ẹran lo rà ni?" Mo fa ọ̀rá náà mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, a sin ín. A ò mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún ẹsẹ̀, a kàn ṣe àmì àgbélébùú.

Kí òjò ọdún náà tó dá, bàbá mi kú. A fẹ́ sin ín ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá òjò ti wọ́ gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nawọ́ síbí, ó nawọ́ sọ́hùn-ún, ó sì ń sunkún. A gbẹ́ títí, a ò rí i. Níkẹyìn, ibi tí màmá mi tọ́ka sí la sin ín sí.

Èmi náà ti bímọ báyìí. Bí a bá dé Ìgbẹmọ, n kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń bi mí ní ìdí. Mo kàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra tẹ ilẹ̀.