Ewé Afárá Méjì

Ọkùnrin tó ń ta igi ní New Cross pe orúkọ náà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Afárá ni. Igi tí bàbá mi fi gbogbo ayé wọn là ní ilé ìlagi l'Óǹdó. Bàbá mi tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí títí wọ́n fi kú, igi wọn ló ṣáájú mi dé London. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà.

Mo ń kan síkì fún ara mi nígbà náà, pátákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ọmọ Oǹdó pẹ̀lú yìnyín. Àwọn ará ibiṣẹ́ mi ló mú mi lọ sí Scotland lẹ́ẹ̀kan, mo ṣubú láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀. Fíníà nìkan ló kù kí n lẹ̀ mọ́ ojú síkì náà, igi tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ewé ni àwọn tó ń tà á ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ewé afárá mẹ́rin péré ló kù ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, mo sì kó gbogbo rẹ̀.

Méjì àkọ́kọ́ là níbi tí imú síkì ti tẹ̀ sókè. Wọ́n ti gbẹ jù. Mo jókòó sílẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n mí. Bí méjì tó kù bá tún là, síkì mi ò ní ní igi bàbá mi lára mọ́ nìyẹn.

Láti ibiṣẹ́ ni mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá mi, tí a jọ ń gbé ní Peckham: “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ewé orí table yẹn. Ó ti gbẹ jù, kó má lọ ya.”

Nígbà tí mo délé, fíníà mi wà nínú báàfù, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bí ewé tí wọ́n fẹ́ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín.

“Mummy, kí lẹ ṣe yìí? Igi mà nìyẹn.”

“Ìwọ lo pè é ní ewé. Ewé tó bá gbẹ, omi gbígbóná là ń fi rọ̀ ọ́. Àbí tàwọn òyìnbó olówó East Dulwich yàtọ̀?”

Mo fi ìbínú fa ọ̀kan jáde. Ó tẹ̀ yí ọwọ́ mi ká, kò là. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ìyá mi fi ọ̀já wọn àtijọ́ de ewé méjèèjì mọ́ imú síkì títí wọ́n fi gbẹ, kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Àwọ̀ igi náà dà bíi gàrí tí epo kàn díẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní kí n lọ fọ báàfù.

Ní Scotland, mo yọ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó ṣubú. Mo pe ìyá mi lórí fídíò, yìnyín kún ẹnu mi. Wọn ò bèèrè bóyá mo fara pa.

“Ewé yẹn ńkọ́?”

Mo gbé imú síkì sójú fóònù. Kò là níbì kankan. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Bàbá ẹ náà ti rí yìnyín.”